BÍ ARÁYÉ ṢE MỌ IYÌ KORÍKO ABẸ́ ÒKUN



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní kíláàsì àwọn àgbà, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: KORÍKO. Bàbá kan kà á, ó wò mí, ó ní: "Olùkọ́, láti àárọ̀ ni mo ti ń bá koríko jà lóko. Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n wá bá a jà lálẹ́ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí kò burú. Lójú àgbẹ̀, ọ̀tá ni koríko. Ṣùgbọ́n koríko kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ́ ro rí. Abẹ́ òkun ni ó ń hù. Àwọn apẹja tí ń gbé létí rẹ̀ kò kà á sí nǹkan ńlá. Nígbà tí ó kú, iṣẹ́ púpọ̀ bá a kú. Ìtàn koríko náà ni a fẹ́ sọ lónìí, àti ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti wọn iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

IRÚ KORÍKO WO NI?

Koríko òkun kì í ṣe ohun yíyọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta létí omi. Koríko gidi ni. Ó ní gbòǹgbò, ó ní ewé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tanná, ó sì ń so èso kéékèèké. Inú omi iyọ̀ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í hù níbi tí omi ti jìn jù, nítorí ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Kì í sì hù dáadáa níbi tí omi bá dọ̀tí, nítorí oòrùn kò lè kọjá nínú ẹrẹ̀.

Oríṣiríṣi rẹ̀ wà káàkiri ayé. Níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó wà ní etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl àti ti Moritáníà. Èyí tí ìtàn wa dá lé lórí ni irú kan tí ń hù níbi tí omi ti tutù, ní etí òkun Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà.

Àwọn ará ibẹ̀ máa ń lò ó láyé àtijọ́. Ní erékùṣù Læsø, ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì, wọ́n ń kó koríko tí ìgbì bá gbá sí etíkun, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì fi ń bo ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi bẹ́ẹ̀rẹ̀ bo ilé. Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ òrùlé náà. Òrùlé mìíràn nínú wọn ti lo ju 200 ọdún lọ. Ní ibòmíràn, wọ́n ń kì í sínú ibùsùn.

Lílò tí ojú rí ni wọ̀nyí. Iṣẹ́ tí koríko náà ń ṣe nígbà tí ó wà láàyè lábẹ́ omi, ojú kò rí i, ẹnikẹ́ni kò sì kà á.

ỌDÚN TÍ KORÍKO KÚ

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Virginia. Ìpínlẹ̀ kan ni, ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, létí òkun Atlántíkì. Òkun kan náà ni ó ń lu etí Kutonu àti Lómè. Ní Virginia, àwọn ọ̀sà fífẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn erékùṣù iyanrìn. Koríko òkun bo ilẹ̀ àwọn ọ̀sà wọ̀nyí. Láàárín koríko náà ni ẹran omi kan ń gbé. Ìkarahun rẹ̀ jẹ́ méjì tí ó pàdé bí ọpọ́n ayò tí a pa dé. Ẹran inú rẹ̀ dùn, ó sì ń pa owó wọlé fún àwọn apẹja. Nígbà tí ọmọ ẹran náà bá kéré, ara ewé koríko ni ó ń so mọ́, kí akàn má baà rí i jẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 1931, àwọn ènìyàn rí i pé àmì dúdú ń yọ lára ewé koríko. Ewé ń já, gbòǹgbò ń rà. Ní ọdún 1932, àrùn náà ti dé etí òkun Yúróòpù. Láàárín ọdún díẹ̀, bí a bá pín koríko náà sí ọ̀nà mẹ́wàá ní ìhà méjèèjì òkun Atlántíkì, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́sàn-án ti kú.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ló pa koríko? Àwọn kan ní omi ló gbóná jù. Àwọn kan fura sí kòkòrò kan tí ó kéré tí ojú lásán kò lè rí i. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kí ó tó yanjú. Ní ọdún 1988 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà fi hàn gbangba pé ohun abẹ̀mí kékeré kan ni ó ń fa àmì dúdú náà lára ewé.

Ní Virginia, ìyà náà kò dá wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1933, ìjì ńlá kan jà. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àgbàrá kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò gbà fún un. Gbòǹgbò koríko ni onílé tí kì í gbà fún ìgbì. Onílé náà ti ń kú lọ nígbà tí ìjì dé. Èyí tí àrùn ṣẹ́ kù, ìjì gbá a lọ.

Ẹran oníkarahun inú koríko tán nínú àwọn ọ̀sà náà, iṣẹ́ àwọn tí ń kó o sì parí. Ẹyẹ kan tí ó dà bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, tí ó ń jẹ koríko náà ní ìgbà òtútù, kú lọ́pọ̀lọpọ̀ nítorí ebi. Ìgbín òkun kékeré kan wà tí kì í jẹ ohun mìíràn àyàfi ewé koríko yìí. Ó parun. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò tún rí i mọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè: kí ni koríko yìí ń ṣe tí ikú rẹ̀ fi mú ohun púpọ̀ dání?

KÍ NI EWÉ Ń JẸ?

Kí a tó lè dáhùn, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a mọ bí àwọn ènìyàn ṣe mọ iṣẹ́ ewé, ìbáà jẹ́ ewé orí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ewé inú omi.

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Van Helmont. Ìwé tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1648. Ó wọn erùpẹ̀ gbígbẹ, nǹkan bí kílò 90, ó kó o sínú ìkòkò ńlá. Ó gbin igi kékeré kan sí i, ó sì ń bu omi rin ín. Lẹ́yìn ọdún 5, ó wọn igi náà. Igi tí kò ju kílò 2 àti díẹ̀ lọ ti tó kílò 75 ó lé. Ó tún wọn erùpẹ̀. Ohun tí ó dín nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ rò ó wò. Níbo ni igi ti rí ara tí ó fi tóbi? Van Helmont ní inú omi ni. Kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé afẹ́fẹ́.

Ní ọdún 1771, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Joseph Priestley tan àbẹ́là nínú ìgò tí ó dé pa. Láìpẹ́, àbẹ́là kú, nítorí afẹ́fẹ́ inú ìgò ti bàjẹ́. Ó ki ẹ̀ka ewé kan tí ó ní òórùn dídùn sínú ìgò náà, ó sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún ki àbẹ́là bọ̀ ọ́. Àbẹ́là jó! Ewé ti tún afẹ́fẹ́ ṣe.

Ní ọdún 1779, Jan Ingenhousz, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ri ewé sínú omi. Nígbà tí oòrùn ràn sí i, àwọn róbótó afẹ́fẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé, bí ìgbà tí omi fẹ́ hó. Nínú òkùnkùn, kò yọ. Báyìí ni wọ́n mọ̀ pé oòrùn ni ó ń mú ewé ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1782, Jean Senebier, ọmọ ìlú Jẹ̀nífà, fi hàn pé ewé gbọ́dọ̀ rí irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí jáde kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú. Afẹ́fẹ́ méjì ni ẹ ó rántí. Èkíní ni èyí tí ń gbé ẹ̀mí wa ró. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ọ́síjìn. Èkejì ni èyí tí a ń mí jáde, tí iná sì ń tú jáde. A ó máa pè é ní afẹ́fẹ́ èédú. Kí ló dé tí a fi pè é bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ń sun èédú mọ̀ pé inú igi ni èédú ti ń jáde. Ṣùgbọ́n igi kò rí i nínú ilẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni ewé ti mú un. Bí ẹ bá sì fi èédú náà dáná títí ó fi di eérú, inú afẹ́fẹ́ ni ó tún padà sí.

Nítorí náà, ní ojú oòrùn, ewé ń gba afẹ́fẹ́ èédú àti omi, ó ń fi wọ́n ṣe ara àti oúnjẹ, ó sì ń tú ọ́síjìn jáde. Koríko abẹ́ òkun ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Inú omi ni ó ti ń gbà, inú omi ni ó sì ń tú u sí.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ LÁTI WỌN IṢẸ́ KORÍKO

Báwo ni a ṣe lè wọn ohun tí ojú kò rí, nínú omi? Ní ọdún 1888, Lajos Winkler, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, rí ọ̀nà tí a fi ń mọ iye ọ́síjìn tí ó wà nínú omi. Ó ń kán oògùn sí omi, àwọ̀ omi ń yí padà, ó sì ń fi ìyẹn ṣírò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè méjì, Gaarder àti Gran, kọ ìwé ní ọdún 1927 nípa ọgbọ́n ìgò méjì. Ìgò kan mọ́lẹ̀, oòrùn ń wọ inú rẹ̀. Ìgò kejì, wọ́n bò ó kí ó ṣókùnkùn. Omi kan náà ni wọ́n bù sínú méjèèjì, pẹ̀lú àwọn ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí ń gbé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò àpẹẹrẹ kan. Ní òwúrọ̀, a ní ọ́síjìn 8 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ìgò tí ó mọ́lẹ̀ ní 11. Ìgò tí ó ṣókùnkùn ní 6. Nínú òkùnkùn, ewé kò ṣiṣẹ́, mímí nìkan ni ó ń mí, bí àwa náà ṣe ń mí. Ó ti mí 2. Nínú ìmọ́lẹ̀, ó jèrè 3. Ṣùgbọ́n ó ń mí níbẹ̀ náà. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe ni 3 àti 2, èyí tí í ṣe 5. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọjà: a kò lè mọ ohun tí a pa wọlé bí a kò bá ka ohun tí a jẹ mọ́ ọn.

Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù fún koríko òkun. Ewé koríko òkun ní ihò nínú, ó sì ń fi ọ́síjìn pa mọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn omi nìkan lè rò pé koríko kò ṣe iṣẹ́ tó bí ó ti ṣe. Bákan náà, bí a bá gé ewé kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀, tí a sì sé e mọ́ inú ìgò, kò tún gbé bí ó ti ń gbé nílé rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1956, Howard Odum, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí a má sé omi mọ́ rárá. Kí a wọn ọ́síjìn inú omi tí ń ṣàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, àti láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Ní ọ̀sán ó ń pọ̀ sí i, ní òru ó ń dín. Wọ́n lo ọ̀nà yìí nínú àwọn ọ̀sà koríko ní Texas.

Láti ọdún 2003, ọ̀nà tuntun kan tún dé. Peter Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi. Omi kì í dúró jẹ́ẹ́, ó ń yí lọ sókè, ó ń yí wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka bí omi ṣe ń lọ àti ọ́síjìn tí ó gbé dání, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn kò gé koríko, wọn kò sì dé e mọ́lẹ̀. Nínú àwọn ọ̀sà Virginia tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ti lo ẹ̀rọ yìí púpọ̀. Ẹ óò béèrè pé: ṣé koríko tún wà níbẹ̀ ni? A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

ÀKÀ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ẸRẸ̀

Iṣẹ́ ewé nìkan kọ́ ni wọ́n wọn. Wọ́n tún fẹ́ mọ ibi tí èédú tí ewé gbà ń lọ. Wọ́n ki páìpù gígùn wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n fà á jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n gé ẹrẹ̀ náà ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n sì wọn èédú inú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Lóko wa, ewé tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ń jẹrà kíákíá, èédú inú rẹ̀ sì ń padà sí afẹ́fẹ́. Nínú ẹrẹ̀ abẹ́ koríko òkun, ọ́síjìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Nítorí náà, gbòǹgbò tí ó kú níbẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ewé koríko tún ń dá omi dúró díẹ̀, ìdọ̀tí tí omi ń gbé bọ̀ á sì rọ̀ sílẹ̀, á bo ti àná mọ́lẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní Òkun Àárín Ilẹ̀ Ayé, tí ó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù, òkìtì irú èyí wà tí ó nípọn ju mítà kan lọ dáadáa, ó sì ti ń kóra jọ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan.

Kí ni èyí kàn wá? Láti ọdún 1958 ni Charles Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ èédú lórí òkè kan ní Hawaii. Nígbà náà, nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni í ṣe afẹ́fẹ́ èédú. Lónìí, ó ti kọjá 420. Epo rọ̀bì àti èédú ilẹ̀ tí a ń sun ló fa èyí tó pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ yìí ń mú ayé gbóná. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá ń kó èédú pa mọ́ ní iyì. Ní ọdún 2009, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí èédú tí koríko òkun, igi ẹ̀gbà àti irà etí òkun ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n àkà tí kò ní olùṣọ́ kò pẹ́ tú. Bí koríko bá kú, ìgbì á tú ẹrẹ̀, ohun tí a ti kó pa mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà jáde.

ÀWỌN TÍ Ó TÚN UN GBÌN

Ní Virginia, ó ju 60 ọdún lọ tí ilẹ̀ àwọn ọ̀sà náà fi wà ní òfìfo. Kí ló dé tí koríko kò padà fúnra rẹ̀? Irúgbìn rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Bí ó bá bọ́, ìtòsí ni ó ń rì sí. Ibi tí kò sí ìyá, ọmọ kò lè dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1997, wọ́n rí koríko díẹ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀sà náà. Èyí fi hàn pé omi ibẹ̀ ṣì gbà á. Láti ọdún 1999, Robert Orth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irúgbìn. Wọ́n ń wọ inú omi lọ ká ẹ̀ka tí ó ní èso níbi tí koríko ṣì wà. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá omi títí irúgbìn yóò fi gbọn sílẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé, wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ fọ́n ọn sójú omi, bí àgbẹ̀ ṣe ń fọ́n èso ẹ̀fọ́. Àwọn ará ìlú náà ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti fọ́n ju mílíọ̀nù 70 irúgbìn lọ.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbìn sí kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 200 ó lé lọ. Nígbà tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ ní ọdún 2020, koríko ti tàn dé nǹkan bí hẹ́kítà 3,600. Ẹja padà. Wọ́n tún ń dá ẹran oníkarahun náà padà síbẹ̀. Nígbà tí koríko tí wọ́n gbìn tó ọdún 10, wọ́n wọn ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, ó ń kó nǹkan bí gíráàmù 37 èédú pa mọ́ lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, ewu kò tán. Ní ọdún 2015, omi ọ̀sà náà gbóná jù, koríko púpọ̀ sì kú. Níbi tí ó kú jù, nǹkan bí ọ̀nà kan nínú márùn-ún èédú inú ẹrẹ̀ sọnù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, koríko tún padà, àkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn tí ó wà nítòsí ni ó so èso. Ìbá ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló kú bíi ti ọdún 1933, ta ni ì bá bí òmíràn?

Ẹ̀KỌ́ INÚ ÌTÀN YÌÍ

Ẹni tí ń gbé Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ lè sọ pé: "Òkun jìnnà sí mi." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan ni gbogbo wa ń mí, òjò kan náà sì ni a ń retí.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Àrùn àti ìjì pa koríko Virginia láàárín ọdún mẹ́ta. Ó gbà ju 60 ọdún lọ kí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín, àti 20 ọdún iṣẹ́ kí ó tó gba ilẹ̀ padà. Pípa rẹ̀ yá, títún un ṣe pẹ́. Àwọn tí ó tún un ṣe rí i ṣe nítorí pé àwọn tí ó ṣáájú wọn ti kọ́ láti wọ̀n, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀. Ohun tí Van Helmont kọ nípa igi inú ìkòkò, àwa náà kà á lónìí.

Nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá tí ó bi mí ní ìbéèrè mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ síwájú pátákó. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí abẹ́ KORÍKO. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ tọ́. Ohun tí ó kọ ni: ÌYÁ ẸJA.



ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ TÍ Ń KÀWÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín koríko òkun àti ohun yíyọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ òkúta?
2. Ní òwúrọ̀, ọ́síjìn jẹ́ 7 nínú ìgò méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́, ìgò tí ó mọ́lẹ̀ ní 9, èyí tí ó ṣókùnkùn ní 6. Èló ni gbogbo iṣẹ́ tí ewé ṣe?
3. Kí ló dé tí koríko Virginia kò padà fúnra rẹ̀?
4. Ewé wo, igi wo tàbí omi wo ni ó wà ní abúlé yín tí ẹ kò tíì ka iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín sì kọ ọ́ sílẹ̀.